Òkùnkùn Ni Wọ́n Ń Dá Lẹ́jọ́

Bí ẹ bá fi àwòrán ojú ọ̀run sílẹ̀ fún ìdíje, ẹ má rò pé ìràwọ̀ tó ń tàn yanran ni yóò gbé yín dé ibi kankan. Ìràwọ̀ kì í sọnù. Ibi tó dúdú ni ẹjọ́ wà: òkùnkùn tó yí ìràwọ̀ ká, àti ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fara pamọ́ sínú rẹ̀, eruku, gáàsì, apá gálákísì tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti òkùnkùn fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ya òṣùpá lè fi mọ́níta èyíkéyìí ṣiṣẹ́ kó sì yege. Àwa tí à ń lé nẹ́búlà kiri, ìyẹn ìkùukùu gáàsì àti eruku tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀, mọ́níta wa lè ba iṣẹ́ oṣù mélòó kan jẹ́ láìjẹ́ pé a fura.

Tí mo bá sọ pé kí èèyàn wọn mọ́níta rẹ̀, ìyẹn kó fi ẹ̀rọ yẹ ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ wò kó sì tún un tò, kó tó fi àwòrán ránṣẹ́, àwọ̀ ló máa ń wá sí ọkàn wọn. Wọ́n á ní àwọ̀ tiwọn dáa, pé pupa wọn pupa, aró wọn aró. Mi ò bá wọn jiyàn. Lójú tèmi, àwọ̀ kọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ìmọ́lẹ̀ ni. Mọ́níta tí wọ́n ń tà fún wa, tuntun ni o, tòkunbọ̀ ni o, wọ́n ti gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè láti ilé iṣẹ́ kó lè fa ojú oníbàárà mọ́ra nínú ṣọ́ọ̀bù. A máa gbé e délé, a máa tàn án, inú wa á dùn pé ó mọ́lẹ̀ rekete, a ò sì ní fọwọ́ kan bọ́tìnì rẹ̀ mọ́ títí tó fi máa bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Fáìlì JPEG ní àtẹ̀gùn 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti 0 tó jẹ́ dúdú kirikiri dé 255 tó jẹ́ funfun báláú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń fi ojú ọ̀run sí nǹkan bí 20 sí 30. Ẹ mú 25. Téèyàn bá wo 25 lára 255, á ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ni. Nínú sRGB, òṣùwọ̀n àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ mọ́níta àti fáìlì àwòrán ń tẹ̀ lé, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí nọ́ńbà ń gbà di ìmọ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní gámà, kò lọ gbọọrọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti 25 jáde kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ funfun lọ. Nítorí náà, bí funfun mọ́níta yín bá jẹ́ 100 cd/m², tí í ṣe ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìmọ́lẹ̀ ojú mọ́níta, ojú ọ̀run yín ń tàn ní 1 péré. Ẹ gbé mọ́níta kan náà sí 300, ojú ọ̀run di 3. Lójú ẹni tó jókòó síbẹ̀, ilẹ̀ ti mọ́ jù, ojú ọ̀run ti di eérú. Kí ló máa ṣe? Á fà á sílẹ̀. Á máa fà á sílẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi gbà pé ó ti dúdú tó, ìyẹn títí tó fi padà di 1 tó fẹ́. Nígbà yẹn, nọ́ńbà inú fáìlì ti kúrò ní 25, ó ti di nǹkan bí 11.

Fáìlì yẹn ló máa lọ bá adájọ́. Bí mọ́níta adájọ́ bá wà ní 100, ojú ọ̀run tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò pé ìdajì 1 mọ́. Mọ́níta IPS tó wọ́pọ̀ lọ́jà, dúdú tiẹ̀ gan-an kì í ṣe òfo. Funfun rẹ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po 1,000 ju dúdú rẹ̀ lọ, nítorí náà ní 100, dúdú rẹ̀ ń tan 0.1. Ẹ wá wo àlàfo tó kù láàárín dúdú mọ́níta àti ojú ọ̀run yín. Inú àlàfo tín-ín-rín yẹn ni gbogbo eruku tí ẹ fi òru gbáko kó jọ wà.

Àbúrò mi kan wà ní Ẹ̀pẹ́ níbí, fọ́tò ìnáwó ló fi ń jẹun. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà, kò sí èyí tí kì í gbà. Èmi ni mo kó àárẹ̀ ojú ọ̀run ràn án. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ fúyẹ́ díẹ̀, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà ní Èjìnrìn, ó ya Orion Nebula, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní M42, tó jìnnà sí wa tó nǹkan bí 1,300 ọdún ìmọ́lẹ̀. Lásìkò yẹn nínú ọdún, M42 ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àtàrí wa kọjá, níbi tí afẹ́fẹ́ tó dí wa lójú ti kéré jù. Ó yà á dáadáa. Ó to gbogbo fọ́tò náà léra wọn, ó ṣe é tán lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó wá fi fláàṣì kó o wá kí n bá a wò ó kó tó fi ránṣẹ́.

Bó ṣe ṣí i lórí mọ́níta mi, ó dákẹ́. Ó sún mọ́ ọn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú mọ́níta.

“Ẹ̀gbọ́n, mọ́níta yín ti ń kú o.”

Ọkàn nẹ́búlà náà wà níbẹ̀, ó pupa rúsúrúsú, àárín rẹ̀ sì funfun níbi tí ìràwọ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Trapezium ti pera wọn jọ. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ méjèèjì tó yẹ kó nà jáde, eruku tó yẹ kó rọ̀ mọ́ ọn lára bí èéfín, kò sí. Òkùnkùn lásán ni. Mo ní kó gbé láptọ́ọ̀pù tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lórí tiẹ̀, apá náà nà, ó gún régé, ojú ọ̀run sì dúdú bó ṣe yẹ. Fáìlì kan náà ni. Mo gbé máòsì lé ibi tó ṣófo nínú àwòrán náà, mo ní kó ka nọ́ńbà tó bá jáde sí mi létí. Ó ka pupa 12, ewé 10, aró 7.

Nọ́ńbà kò mọ mọ́níta ẹnì kankan. Ibi yòówù kí wọ́n ti ṣí fáìlì yẹn, 12, 10, 7 ló máa jẹ́, ohun méjì ló sì ń sọ. Èkíní ni èyí tí a ti ṣírò rẹ̀ lókè: láptọ́ọ̀pù náà tàn jù, ọwọ́ rẹ̀ sì fa ojú ọ̀run sílẹ̀ jù. Èkejì ni pé pupa ju aró lọ. Ojú ọ̀run tí kò gbè sápá kan yẹ kó ní pupa, ewé àti aró tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, funfun rẹ̀ kì í ṣe funfun, aró wà nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá rí lórí rẹ̀ ló tutù jù, ló bá ń fa aró kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi gbà á. Lórí mọ́níta tí funfun rẹ̀ wà ní 6500 kelvin, tí wọ́n ń pè ní D65, tí í ṣe funfun tí sRGB fọwọ́ sí, ojú ọ̀run yẹn á pọ́n bí omi àgbàrá. Adájọ́ kò ní mọ̀ pé láptọ́ọ̀pù ló fà á. Á ní iná ìlú ló wọ inú àwòrán náà, pé ayàwòrán kò sì mọ bó ṣe máa yọ ọ́.

Ó bi mí ní ìbéèrè kan tó dáa. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé adájọ́ náà ń wọn mọ́níta tiẹ̀? Tó bá jẹ́ pé tiẹ̀ náà ló tàn jù ńkọ́?” Mi ò fi ọwọ́ rọ́ ọ tì, torí kò sí ẹni tó mọ mọ́níta tí adájọ́ jókòó sí nídìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta gààrí náà kò mọ ilé tí gààrí rẹ̀ ń lọ. Kóńgò tí gbogbo ọjà fọwọ́ sí ló fi ń wọ̀n ọ́n, ẹni tó bá sì tẹ ìdí kóńgò tiẹ̀ wọlé, ọjà á sọ ọ́. sRGB ni kóńgò tiwa. Ilé iṣẹ́ HP àti Microsoft ló gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1996, àjọ IEC sì sọ ọ́ di òṣùwọ̀n káríayé ní ọdún 1999. Bí mọ́níta àwọn adájọ́ bá yàtọ̀ síra wọn, tí ọ̀kan tàn jù, tí èkejì ṣókùnkùn jù, ẹni tó dúró sáàárín kò ní jìnnà jù sí ẹnì kankan nínú wọn. Ẹni tó dúró sí igun kan, àṣìṣe tiẹ̀ á kún tiwọn.

Ìdíje kan ò sì jọ èkejì. Èyí tí Royal Observatory ti Greenwich ti ń ṣe láti ọdún 2009, Astronomy Photographer of the Year, ni gbogbo wa máa ń fi ṣe àlá. Àmọ́ ní Bìrìtéènì kan náà, àwọn ẹgbẹ́ ayàwòrán tó wà lábẹ́ PAGB, àjọ tó kó àwọn ẹgbẹ́ ayàwòrán ibẹ̀ jọ, ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi projector gbé àwòrán sára ògiri níwájú èrò. 1600 sí 1200 pixel ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún lò, sRGB sì ni. Dúdú projector nínú gbọ̀ngàn tí wọn ò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa kì í dúdú. Ẹni tó bá fi ojú ọ̀run rẹ̀ sí 8 kò ní rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Wíwọ̀n fúnra rẹ̀ kò le. Ẹ̀rọ òṣùwọ̀n kékeré kan ni, colorimeter, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Spyder wà, Calibrite wà. Àwa mélòó kan la dá owó tiwa jọ, ó sì ń ti ilé kan bọ́ sí ilé kejì. Ọ̀rinrin ọ̀sà kò dáa fún gíláàsì inú rẹ̀, ike tó dé dáadáa ni à ń tọ́jú ẹ̀ sí, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tó ń fa omi tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Sọ́fítíwíà DisplayCAL tó ń bá a ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni, ArgyllCMS tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà, ọ̀fẹ́ ni.

Kẹ́ ẹ tó gbé e kọ́ ojú mọ́níta, ẹ jẹ́ kí mọ́níta ti wà lójú iná tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í dúró sójú kan bó ṣe ń móoru. Ẹni tó ń gbé Ẹ̀pẹ́ mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí. Iná lè lọ nígbà tí ẹ̀rọ bá ti wọ̀n dé ìdajì, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Orí inverter ni mo ti ń ṣe é, bí bátìrì bá ti kún. Ẹ pa gbogbo ohun tó ń dá ọgbọ́n ara rẹ̀ lò: Night Light tó ń mú ojú kọ̀ǹpútà pọ́n lálẹ́, dynamic contrast tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè sílẹ̀ bí àwòrán bá ṣe rí, ìmọ́lẹ̀ tó ń tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ yàrá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bọ́tìnì ara mọ́níta mú ìmọ́lẹ̀ wá sílẹ̀ sí nǹkan bí 100. Láti 80 dé 120 dáa. Ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe é, ẹ ó rò pé ẹ ti ba mọ́níta jẹ́. Ó máa rí bàìbàì. Ẹ fún ojú yín láyè. Ẹ fi bọ́tìnì pupa, ewé àti aró gbé funfun sí D65, gámà sí 2.2, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí sọ́fítíwíà máa tan àwọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: dúdú, eérú, eérú tó mọ́ díẹ̀, pupa, ewé, aró, títí lọ. Ẹ̀rọ kékeré náà ń wò wọ́n, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, nígbẹ̀yìn ó máa kọ fáìlì kan, profile ICC, tí kọ̀ǹpútà yóò máa fi mọ irú ojú tí mọ́níta yẹn ní. Kẹ́ ẹ tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti tó.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í kà sí ni yàrá. A ti rí i pé ojú ọ̀run inú àwòrán kò ju 1 lọ. Oòrùn ọ̀sán tó gba lúfà wọlé, tó sì ń dán lójú mọ́níta, lè ju ìyẹn lọ fúnra rẹ̀. Àwòrán yín ti rì sínú rẹ̀, ẹ ò mọ̀. Kọ́tìnì ọlọ́sàn, ògiri aláwọ̀ ewé, gílóòbù tó ń pọ́n, àní ṣẹ́ẹ̀tì pupa tí ẹ wọ̀, gbogbo wọn ló ń bá yín pààrọ̀ àwọ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ má tún ní ẹ ó ti gbogbo yàrá dúdú kirikiri o. Láti ọdún 1967 ni àwọn olùwádìí méjì, Bartleson àti Breneman, ti fi hàn pé bí àyíká àwòrán bá ti dúdú, ojú èèyàn máa ń rí ìyàtọ̀ dúdú àti funfun inú rẹ̀ bí ohun tó dín kù. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn biribiri, ọwọ́ rẹ̀ á máa fi contrast kún àwòrán láìmọ̀, èyí tó bá sì kọ́kọ́ kú níbẹ̀ ni eruku. Gílóòbù funfun kékeré kan lẹ́yìn mọ́níta, tí kò kọjú sí yín, ti tó. Ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìta wọlé lẹ́yìn tó ti wo ìràwọ̀ fún wákàtí kan, kó má jókòó sídìí àwòrán lóru yẹn. Ojú tó ti mọ́ òkùnkùn lára á rí ohun tí ojú adájọ́ kò ní rí láéláé.

Ẹni tí kò bá ní owó ẹ̀rọ òṣùwọ̀n, kó ṣe èyí lónìí. Kó ṣí àwòrán tuntun, kó fi 0 kùn ún, kó wá ya àpótí kéékèèké sórí rẹ̀, 2, 4, 6, 8, títí dé 20, kó jókòó bó ṣe máa ń jókòó. Bí àpótí 10 kò bá hàn sí i rárá, mọ́níta rẹ̀ ń gbé òkùnkùn mì, kò sì lè dá ẹjọ́ ojú ọ̀run lórí rẹ̀. Bí 2 bá ń tàn gedegbe, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù tàbí gámà ti yẹ̀. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú tó ní ojú TN, irú ojú tó ń yí padà bí igun tí èèyàn fi ń wò ó bá yí, kó gbé ìdérí rẹ̀ síwá sẹ́yìn díẹ̀ kó wo bí àpótí 6 ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ìyẹn nìkan ti tó láti dẹ́rù bani.

Ó dùn mí pé a kì í ka èyí sí, torí ohun tí a ní lókè wa níbí, wọn ò ní in ní Greenwich. Omega Centauri, agbo ìràwọ̀ tó tóbi jù nínú irú rẹ̀ tí ojú lásán lè rí, kì í yọ ní Lọ́ńdọ̀nù rárá. Carina Nebula náà kì í yọ níbẹ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ń yọ ní gúúsù, lórí ọ̀sà. Carina máa ń gòkè tó ìwọ̀n 23 kúrò nílẹ̀, lálẹ́ oṣù Ẹrẹ́nà sí Igbe, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú sánmọ̀, tí ìkùukùu sì fún wa láyè díẹ̀. Ibẹ̀ náà, ní gúúsù yẹn, ni ìmọ́lẹ̀ ìhà Lẹ́kkí wà, ọdọọdún ló sì ń pọ̀ sí i. Gbogbo àwòrán Carina tí a bá yà láti ìhín ló máa ń ní ìdí tó pọ́n, tó ń mọ́ díẹ̀díẹ̀ lọ sókè. Lórí mọ́níta tó ń gbé òkùnkùn mì, ìdí pípọ́n yẹn kì í hàn. Ayàwòrán á rò pé òun ti yọ ọ́ tán. Lórí mọ́níta adájọ́ tó mọ́ dáadáa, ó wà níbẹ̀ gbagada. Èmi máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ àwòrán sókè ní àṣejù fún ìṣẹ́jú kan kí n tó parí iṣẹ́, kí gbogbo ìdọ̀tí tó wà nísàlẹ̀ yọrí, kí n yọ ọ́, kí n tó dá a padà sípò.

Àbúrò mi kò lè gbé JPEG rẹ̀ láti 12, 10, 7 padà sí 25. Àtẹ̀gùn tó kù nísàlẹ̀ kò tó nǹkan, ojú ọ̀run á kàn máa já ní ìpele ìpele ni. Ó padà sí fáìlì 16-bit tó ní àtẹ̀gùn 65,536 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó tún un fà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ di sRGB ní ìparí, ó rí i pé profile wà nínú rẹ̀ kó tó tọ́jú JPEG. Apá M42 ti yọ. Ojú ọ̀run rẹ̀ ka 24, 24, 25.

Ṣùgbọ́n kò gbà láti máa fi 100 ṣe iṣẹ́ ìnáwó. Ó ní àwọn ìyàwó tó ń wá wo fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù òun fẹ́ kí léèsì wọn máa dán, pé bí òun bá mú mọ́níta wálẹ̀, wọ́n á ní kámẹ́rà òun ti gbó. Kò purọ́. A wá ibi tí mọ́níta tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ti ń tọ́jú ètò méjì, ó fi èkíní sí ibi tí oníbàárà fẹ́, a sì wọn èkejì fún ojú ọ̀run. Profile ti èkejì kò bá èkíní mu, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa rántí pààrọ̀ wọn. Ó tún ń bá mi fa pupa M42, ó ní kò tó. Mo ní ó ti tó. Ó ní òun á fi díẹ̀ kún un kí òun tó fi ránṣẹ́.